Ẹsẹ̀ Alhájì Sàláhúdéènì

Bí ẹ bá wà ní Gánájà, lẹ́bàá Lọ́kọ́ja, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, àfàìmọ̀ kí ẹ má ti gbọ́ ariwo tí Jẹ̀mílátù pa ní láàbù. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó wọ kóòtù funfun, tó máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wí pé a kì í pariwo níbi tí kòkòrò àrùn wà, òun náà ló wá fò sókè, tó ń ké "Alhamdulilahi! Alhamdulilahi!" títí ẹni tó ń ta káàdì fóònù lẹ́yìn fèrèsé fi yọjú wò ó.

Kò kúkú jẹ̀bi. Àwo pẹlẹbẹ kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń hu kòkòrò nínú àpótí olóoru. Lánàá ló fi kòkòrò kun gbogbo ojú àwo náà, tó wá fi bébà róbótó kan, tí kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, sí àárín rẹ̀. Omi èèpo igi kan tí wọ́n bó ní Agbájá ló fi rin bébà yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kòkòrò ti bo àwo náà bí ògì tó dì, àfi àyíká bébà. Ibẹ̀ mọ́ kedere, kòkòrò kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n: mìlímítà mẹ́rìnlélógún. Ó tún un wọ̀n, nítorí ojú lè tan èèyàn. Mẹ́rìnlélógún náà ni.

Kòkòrò ọ̀hún kì í sì í ṣe kòkòrò ẹlòmíì. Ara egbò ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ti fi òwú gbà á ní Jímọ̀ tó kọjá. Ohun tó mú un ké nìyẹn.

Dókítà Ọláníyì, ọ̀gá láàbù, jáde láti yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí kì í yọ̀ lónìí sí ohun tó lè bàjẹ́ lọ́la, ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sá fún un. Ó gba àwo náà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ó dára," ó ní. "Àwọn oògùn tí ọsibítù ń lò ńkọ́? Mi ò rí wọn nínú àwo yìí."

"Ọsibítù ti dán márààrún wò lára kòkòrò egbò náà lóṣù tó kọjá, sà. Kò sí èyí tó ràn án. Kí ni mo tún fẹ́ máa fi wọ́n ṣòfò fún?"

"Tò wọ́n sí i."

"Sà, mo ní wọ́n ti dán an—"

"Jẹ̀mílátù, mo gbọ́. Tò wọ́n sí i. Bí kòkòrò yìí bá jẹ́ ti ẹsẹ̀ Alhájì lóòótọ́, oògùn márùn-ún yẹn kò ní rí i gbé ṣe. Ìgbà yẹn la ó mọ̀ pé èèpo igi yìí ṣe ohun tí wọn ò lè ṣe. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a kàn ń méfò ni. Àti pé kí nǹkan pa kòkòrò nínú àwo, kí ó pa á nínú ẹran ara èèyàn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni."

"Màá ṣe é, sà," ni Jẹ̀mílátù wí. Ẹnu lásán ni. Ọkàn rẹ̀ ti dé ilé kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ máa bínú sí i o, n kò ní kí ẹ má bínú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún yín, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

Alhájì Sàláhúdéènì, bàbá rẹ̀, ọmọ àwọn oníṣòwò tó ti Ìlọrin wá tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja láyé bàbá bàbá wọn ni. Àwọ̀n ìpẹja àti okùn ló ń tà nítòsí odò. Bí Núpé bá dé, á bá a sọ Núpé. Bí Ígálà bá dé, á bá a sọ Ígálà. Bó bá bínú sí ọ, Yorùbá Ìlọrin ló máa fi bú ọ, kó lè dùn ún bú. Kò sí ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ìmọ́tótó tó o ní gbogbo àdúgbò yẹn. Jàlàbíà rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n. Ọṣẹ tirẹ̀ yàtọ̀, kànìnkànìn rẹ̀ yàtọ̀, bí ọmọ rẹ̀ bá sì fi bàtà eléruku wọ yàrá rẹ̀, ọmọ náà yóò fi etí gba ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Nígbà tí odò kún wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́dún tó kọjá, Alhájì wọ inú omi lọ kó àwọ̀n rẹ̀. Ìṣó gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kò mọ̀, nítorí àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ náà kú tipẹ́: kò mọ ooru, kò mọ òtútù, kò mọ ìṣó. Ọjọ́ kẹta ni ìyàwó rẹ̀, Alhájà Nímátù, rí ẹ̀jẹ̀ lórí ẹní ìkírun. Láti ọjọ́ yẹn, oṣù mẹ́rin gbáko, egbò kọ̀, kò jinná. Ó ń sun ọyún, ó ń rùn, ìka ẹsẹ̀ méjì sì ti dúdú. Dókítà ọsibítù kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní kí wọ́n gé e láti ọrùn ẹsẹ̀, kí wọ́n gé e ní Ọjọ́bọ̀, kí kòkòrò má baà gun òkè.

Bí ilé ṣe pín sí méjì nìyẹn. Mùtàlíbù, tó jẹ́ àkọ́bí, ní kí wọ́n gé e kíá. Alhájì ní ẹsẹ̀ tí òun fi ń dúró níwájú Ọlọ́run nígbà márùn-ún lójúmọ́, òun ò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú gbogbo wọn, Alhájì pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ní:

"Jẹ̀mílátù, ìwọ lo kàwé kòkòrò nínú wọn. Yẹ egbò mi wò ní láàbù yín. Bí o bá ní kí wọ́n gé e, kí wọ́n gé e. Bí o bá ní kí wọ́n dúró, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kàn mí."

Ẹ gbọ́ irú ẹrù tí wọ́n gbé ka ọmọ lórí! Ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ débi pé bí bàbá bá wúkọ́, òun náà á wúkọ́.

Èèpo igi yẹn ti pé oṣù mẹ́fà nínú fìríìjì láàbù. Iṣẹ́ ìwádìí ló gbé Jẹ̀mílátù gun òkè Agbájá, lójú ọ̀nà tó ń gbọn eyín mọ́ èèyàn lẹ́nu, tó lọ ń bi àwọn àgbẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ léèrè igi tí wọ́n fi ń wo ọgbẹ́. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Iredélé kí i ní "Òkun o," bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀, ó mú un dé ìdí igi, ó fi àdá bó èèpo rẹ̀ fún un. Ìyá náà kò sì tàn án. "Ọgbẹ́ àdá la fi ń wò, ọmọ mi," ó ní. "Bí o bá fi omi rẹ̀ fọ̀ ọ́, á gbẹ. Ti ẹsẹ̀ tó ń jẹrà, èmi ò mọ̀ ọ́n o. Má lọ sọ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀." Ìyá àgbà tí kò mọ ìwé kà kìlọ̀, ọ̀mọ̀wé tó ń mu tíì kìlọ̀. Ṣùgbọ́n etí tí ń wá ìròyìn ayọ̀ kì í gbọ́ ìkìlọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Jẹ̀mílátù wọ ilé tàyọ̀tayọ̀. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní: "Bàbá, ó pa á!"

Alhájì wà lórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé lé orí ìrọ̀rí. "Kí ló pa kí ni?"

"Èèpo igi Agbájá. Ó pa kòkòrò ẹsẹ̀ yín. Mo fi ojú mi rí i láàárọ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e o. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì péré."

Alhájì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, omijé ń dà lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn kò rí omijé Alhájì rí. Alhájà Nímátù bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ọlọ́run. Mùtàlíbù nìkan ló dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà.

"Dókítà ní Ọjọ́bọ̀," ó wí. "Ó ní bó bá kọjá Ọjọ́bọ̀, òun ò mọ ibi tó máa dé."

"Bọ̀ọ̀dá, mo ní mo fi ojú mi rí i."

"Jẹ̀mílátù, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Mo ti ro ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn títí, inú mi ò dùn sí i dòní.

Ọjọ́bọ̀ kọjá, kò sí ẹni tó lọ sí ọsibítù. Láàárọ̀, lálẹ́, wọ́n ń fi omi èèpo igi fọ egbò. Alhájì ń sọ fún gbogbo oníbàárà tó bá wá kí i pé ọmọ òun ti rí oògùn tí àwọn òyìnbó ń wá. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, òórùn náà dínkù díẹ̀, gbogbo wọn sì di mọ́ ìyẹn. Ní ọjọ́ kẹfà, ìka kẹta dúdú. Jẹ̀mílátù ní oògùn ló ń bá kòkòrò jà. Ní ọjọ́ keje, ẹsẹ̀ wú dé ojúgun. Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn kó tó rọ̀. Ta ló sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí? Kò sí ẹnikẹ́ni. Ìbẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó kàn wọ̀ ọ́ láṣọ ìmọ̀ ni.

Ọjọ́ kẹjọ, ara Alhájì gbóná, ó ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Dókítà Ọláníyì bá a lẹ́nu iṣẹ́, tó bi í ní ohùn pẹ̀lẹ́:

"Oògùn ọsibítù márùn-ún yẹn, o ti tò wọ́n?"

Ojú tì í láti parọ́. Ó ní òun kò tíì ṣe é. Ọ̀gá kò bú u, ìbá sàn kí ó bú u. Ó kàn mú àpò oògùn náà láti inú fìríìjì, ó kó o lé e lọ́wọ́. Jẹ̀mílátù mú kòkòrò ọjọ́sí tó ṣì ń tọ́jú, ó fi kun àwo tuntun, ó to bébà márùn-ún yíká, ó fi ti èèpo igi ṣe ìkẹfà. Ó ti àpótí olóoru. Òru ọjọ́ náà kò rí oorun sùn dáadáa.

Nígbà tó ṣí i láàárọ̀, àwo náà kún fún òrùka. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ní òrùka tirẹ̀, fífẹ̀, mímọ́ kedere. Oògùn ọsibítù márààrún pa kòkòrò náà bí ẹni pa eèrà. Méjì nínú wọn tilẹ̀ pa á ju èèpo igi lọ.

Ẹlòmíì á rí àwo yẹn, á ní ó mà rẹwà o. Jẹ̀mílátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kòkòrò tí oògùn kankan ò ràn lóṣù tó kọjá, kò lè máa kú fún gbogbo oògùn báyìí. Èyí kì í ṣe ti ẹsẹ̀ bàbá rẹ. Kòkòrò awọ ara lásán ni. Ó wà lára mi, ó wà lára rẹ, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Jẹ̀mílátù, báwo lo ṣe gba òwú yẹn?"

Jẹ̀mílátù mú àpò rẹ̀, ó jáde, ó wọ kẹ̀kẹ́.

Ìyá rẹ̀ ló bá ní ẹ̀yìnkùlé, tó ń sá aṣọ. Ó bi í láìkí i: "Ìyá, ní Jímọ̀ tí mo wá fi òwú kan egbò Bàbá, tí wọ́n ní kí n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó wọlé, kí ni wọ́n ń ṣe nínú yàrá?"

"Jímọ̀ wo? Èyí tó o mú igi olówùú wá?" Alhájà Nímátù rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìwọ náà ò mọ bàbá rẹ ni? Ó ní ọmọ òun obìnrin ò ní rí ọyún lára òun. Ó ní ohun tí wọ́n fẹ́ gbé lọ síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, kò gbọdọ̀ dọ̀tí, kí wọ́n má baà sọ pé ilé ọ̀bùn lo ti jáde. Mo bu omi gbígbóná fún un. Ó fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó da ìgò sípíríìtì kan lé e, ó tún da ìkejì. N kò tíì rí egbò náà kó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí." Ó dá ọwọ́ dúró lórí okùn aṣọ nígbà tó rí ojú ọmọ rẹ̀. "Kí ló dé? Ṣé ó burú ni?"

Yéè! Àwọn kòkòrò burúkú tó wà lójú egbò, bàbá ti fọ̀ wọ́n dànù nítorí ìtìjú, nítorí iyì ọmọ. Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀, nínú ẹran, wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ lọ. Awọ ara tó mọ́ ni ọmọ fi òwú nù, tó gbé lọ sí láàbù, tó sì ń pariwo lé lórí. Bí ó bá sì ti to oògùn márùn-ún yẹn lọ́jọ́ kìn-ín-ní tí ọ̀gá ní kó tò wọ́n, àṣírí ì bá ti tú lọ́la ọjọ́ náà, kí Ọjọ́bọ̀ tó dé.

"Rárá, Ìyá," Jẹ̀mílátù wí. "Kò burú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé Alhájì dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó tú báńdéèjì mi orí, ó ní, "Una for don bring am since." Dókítà wò ó, kò tilẹ̀ bá wọn jà. Ó ní ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọrùn ẹsẹ̀, ó ti kúrò ní orúnkún. Láti itan ni wọ́n máa gé e. Kòkòrò ti wọ ẹ̀jẹ̀, kò sì lè ṣèlérí fún wọn pé gígé náà yóò tó.

Mùtàlíbù buwọ́ lùwé. Kò wo ojú àbúrò rẹ̀.

Kí wọ́n tó gbé Alhájì wọlé lọ gé ẹsẹ̀, ó di ọwọ́ Jẹ̀mílátù mú. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Jẹ̀mílà," ó ní, bó ṣe máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré, "sọ òótọ́ fún mi. Ṣé oògùn wa ń ṣiṣẹ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ òótọ́ sọ, ẹ bá mi wá ohun tí ẹ̀ bá wí. Kí ó ní, "Kò ṣiṣẹ́, Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi ọṣẹ fọ ẹ̀rí dànù"? Kí ó ní, "Èmi ni mo ya ọ̀lẹ"? Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó rí bí ó ṣe ń dúró de ọ̀rọ̀ náà.

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá. Ẹsẹ̀ yín ló ti pẹ́ jù kí oògùn tó dé. Ká ní ó dé ní kùtùkùtù ni, ì bá ti wò ó."

Ojú Alhájì tàn. "Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti sọ fún wọn."

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ọjọ́ márùn-ún ni Alhájì tún lò láyé lẹ́yìn rẹ̀, lórí ibùsùn tó wà nítòsí fèrèsé. Ní gbogbo ọjọ́ márùn-ún yẹn, tí ara bá ti fúyẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń sọ fún àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù, fún Ẹ̀bìrà ní Ẹ̀bìrà, fún Haúsá ní Haúsá. Jẹ̀mílátù á jókòó tì í, á máa fi ọwọ́ pa á lórí. Kò dá a lẹ́kun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, Alhájì Sàláhúdéènì dákẹ́. Wọ́n sin ín kí wọ́n tó kírun ọ̀sán.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Èyí kò tilẹ̀ lọ lógún ọjọ́.

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin Alhájì ni wọ́n ṣe àdúrà fún un. Àwọn ààfáà ti ka ti wọn tán, wọ́n ti jẹun, ọ̀pọ̀ èrò ti lọ. Ó ku àwọn ará ilé nínú pálọ̀, Alhájà Nímátù láàárín àwọn obìnrin lórí ẹní, Mùtàlíbù lórí àga. Kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ tó fi igi ti abíyá, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Jẹ̀mílátù dá a mọ̀: Àlí, apẹja Núpé tó máa ń ra àwọ̀n lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Egungun ẹja ló gún un lẹ́sẹ̀, òun náà ní àtọ̀gbẹ, ibùsùn tó tẹ̀lé ti Alhájì ló wà ní wọ́ọ̀dù.

"Dókítà, ẹ kú ìrọ́jú," Àlí wí. "Kí Ọlọ́run fi Alhájì sí Àlùjánnà." Ó jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó, nítorí ìnira. "Mo mọ̀ pé kò yẹ kí èèyàn gbé ọ̀ràn ara rẹ̀ wọ ilé ọ̀fọ̀ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Ìdí tí mo fi fara dà á dòní nìyẹn. Mo wá gba oògùn."

"Oògùn wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Oògùn tí ẹ ṣe fún Alhájì. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ sin ín, wọ́n ní àwọn fẹ́ gé tèmi náà, láti ọrùn ẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé mo mọ ibi tí oògùn wà. Mo buwọ́ lùwé, mo lọ ilé mi. Ṣé ẹ rí i, Alhájì ti sọ fún mi kó tó kú. Ó ní, 'Àlí, ìwọ ṣì wà ní kùtùkùtù. Lọ bá ọmọ mi kó tó pẹ́.'"

Ọjọ́ méje. Ọkùnrin yìí ti jókòó sílé fún ọjọ́ méje pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń jẹrà, nítorí pé ó ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀fọ̀ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n Àlí," Jẹ̀mílátù wí, "oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́."

Àlí rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti retí ọ̀rọ̀ náà. "Dókítà, ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí n mú nǹkan wá, ẹ sọ ọ́."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ṣiṣẹ́ ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú Àlí. "Ṣé nítorí pé apẹja ni mí ni? Alhájì kì í parọ́. Ogún ọdún ni mo fi ra àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, kò parọ́ fún mi rí. Ẹni tó ń kú lọ ló máa wá parọ́ fún mi?"

"Bàbá mi ò parọ́. Èmi ni mo parọ́ fún wọn."

Mùtàlíbù dìde. "Kí lo wí?"

Kò sí ibi tó máa sá sí mọ́. Jẹ̀mílátù kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti síwájú àlejò, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní kòkòrò tí òun fi dán èèpo igi wò, kì í ṣe ti ẹsẹ̀ Bàbá. Ó ní ọ̀gá òun sọ ohun tó yẹ kí òun ṣe láti mọ̀, òun kò ṣe é, nítorí pé òun fẹ́ kí ó jẹ́ òótọ́. Ó ní òun ni òun ní kí wọ́n má gé e. Ó ní nígbà tí Bàbá bi òun léèrè, òun ti mọ̀, òun sì ní ó ń ṣiṣẹ́. Kò mẹ́nu ba omi gbígbóná, kò mẹ́nu ba ọṣẹ. Alhájà Nímátù fa ìborùn rẹ̀ bo ojú. Bóyá ó ti yé e, bóyá kò tíì yé e, Jẹ̀mílátù kò ní agbára láti wo ìhà ibẹ̀. Mùtàlíbù jókòó padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

Àlí gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú.

"Ẹ tú u," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ wò ó fún mi, ṣé ó ti gòkè?"

Jẹ̀mílátù tú báńdéèjì náà. Òórùn tó mọ̀ dáadáa ló kọ́kọ́ jáde. Dúdú náà ti kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ó ń fà lọ sí ojúgun. Àlí kò wo ẹsẹ̀. Ojú Jẹ̀mílátù ló ń wò, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ rere, gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíì ti dúró dè é lọ́jọ́sí. Ọ̀rọ̀ rere náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Kò ní gbà á ní ìṣẹ́jú kan láti sọ ọ́.

"Ó ti gòkè, ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Nínú ọjọ́ tí ẹ fi dúró dè mí ló gòkè. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ọsibítù báyìí."

Àlí bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn. Jẹ̀mílátù wé báńdéèjì náà padà, ó ki ejìká bọ abíyá rẹ̀, ó sì gbé e dìde.